Igi òdòdó tí òtútù ibí fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ̀ jù fún: kí ni kí n ṣe?

Ìyá Ìbejì, àríwá Maryland (8 oṣù kẹta)

Ẹ kú ọ̀gìnìtìn o, ẹ̀yin ará ilé. Igi òdòdó mẹ́ta ni mo gbìn sí àyíká ilé wa, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì ń dà mí láàmú. Èkíní ni hydrangea, irú èyí tí òdòdó rẹ̀ máa ń ṣù jọ roboto bíi kábéèjì. Ó di ọdún mẹ́ta báyìí tí ewé rẹ̀ ń tutù yọ̀yọ̀, tí kò sì tanná ẹyọ kan ṣoṣo. Èkejì ni camellia tí mo gbìn ní oṣù kọkànlá tó kọjá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tí ó kọjú sí ìlà-oòrùn. Ewé rẹ̀ ti ń gbẹ láti etí wá sí àárín, àwọn ìrúdí rẹ̀ tí wọ́n ti wú tẹ́lẹ̀ sì ń já bọ́ bí mo bá ti fọwọ́ kàn wọ́n. Ẹ̀kẹta ni crape myrtle, òun sì ti gbẹ bí igi ìdáná.

Ìwé pélébé tí wọ́n so mọ́ wọn lọ́rùn nígbà tí mo rà wọ́n sọ pé wọ́n lè gbé ní ìpín 7 nínú àwọn ìpín òtútù tí ìjọba fi pín ilẹ̀ Amẹ́ríkà (bí nọ́ńbà bá ṣe kéré tó ni òtútù ṣe pọ̀ tó), àwòrán ìjọba sì sọ pé ìpín 7a ni àdúgbò wa. Baálé mi ní kí n hú wọn dànù kí n gbin ata àti ewédú. Kí n tó dá a lóhùn, ẹ jọ̀ọ́, kí ni ẹ rí sí i?

Àgbẹ̀ Ẹ̀yìnkùlé, Delaware

Ìyá Ìbejì, ẹ má hú ohunkóhun o. Ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ bi ẹni tí igi òdòdó rẹ̀ kò tanná ni pé, ibo ni ìrúdí rẹ̀ ti ń lo ìgbà òtútù? Àwọn igi kan wà tí ó jẹ́ pé orí ẹ̀ka tí ó bá hù lẹ́yìn tí òtútù ti lọ ni wọ́n ti ń rúdí, nítorí náà bí òtútù tilẹ̀ pa wọ́n délẹ̀, bí gbòǹgbò bá ti wà láàyè, ẹ ó rí òdòdó lọ́dún náà gan-an. Àwọn mìíràn sì máa ń parí ìrúdí tọdún tí ń bọ̀ nígbà tí ooru bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, ní nǹkan bí oṣù kẹjọ sí ìkẹsàn-án, ìrúdí yẹn yóò sì jókòó sí ṣóńṣó ẹ̀ka ní ìhòòhò títí ìgbà ìrúwé yóò fi dé. Hydrangea yín, èyí tí orúkọ rẹ̀ ní kíkún ń jẹ́ Hydrangea macrophylla, wà lára àwọn wọ̀nyí. Òtútù tí kò lè pa igi náà lè pa ìrúdí rẹ̀, ìdí sì nìyí tí ewé fi ń pọ̀ tí òdòdó kò sí.

Lọ́dọ̀ tiwa níhìn-ín, kì í tilẹ̀ ṣe oṣù kìíní ló ń ṣe é lọ́ṣẹ́ jù. Oṣù kẹta a dé, oòrùn a mú fún bí ọjọ́ mẹ́wàá, ìrúdí a là, ewé kéékèèké a yọjú. Nígbà tí ó bá wá di àárín oṣù kẹrin, ìrì dídì kan ṣoṣo a bọ́ lóru, gbogbo rẹ̀ a sì dúdú bí ẹ̀fọ́ tí a bọ̀ jù. Mo ti rí èyí pẹ̀lú ojú mi tó ìgbà mẹ́rin. Ohun tí mo ń ṣe báyìí ni pé mo tọ́jú aṣọ ìbùsùn àtijọ́ méjì sí ẹnu ọ̀nà, bí wọ́n bá ti kéde ìrì dídì ní oṣù kẹrin, n ó dà á bò ó lálẹ́, n ó sì ká a kúrò ní òwúrọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n béèrè ohun kan síwájú sí i. Ta ló ń gé hydrangea yẹn, ìgbà wo ló sì ń gé e?

Ọmọ Èkìtì ní New Jersey

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa àwòrán ìpín yẹn, nítorí pé òun gan-an ló tan èmi náà jẹ nígbà tí mo kọ́kọ́ rà ilé. Iléeṣẹ́ ètò ọ̀gbìn ìjọba Amẹ́ríkà ló ń yà á, àwọn àti Oregon State University ló sì jọ ṣe èyí tí ó jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2023. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n mú alẹ́ tí ó tutù jù lọ nínú ọdún kọ̀ọ̀kan láti 1991 sí 2020, wọ́n sì wá ìwọ̀n àárín wọn. Ìpín 7a túmọ̀ sí pé ìwọ̀n àárín yẹn bọ́ sí àárín 0 àti 5 lórí òṣùwọ̀n Fahrenheit, èyí tí ó jẹ́ nǹkan bí ìwọ̀n 18 sí 15 nísàlẹ̀ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ náà, ìwọ̀n àárín. Kò sọ pé òtútù kò ní kọjá ibẹ̀. Nínú ọgbọ̀n ọdún, àwọn ọdún mélòó kan yóò burú ju àárín lọ, igi tí ẹ sì gbìn láti gbé ogún ọdún yóò bá wọn pàdé.

Yàtọ̀ sí èyí, àwòrán tó wà ṣáájú, ti ọdún 2012, lo àwọn ọdún 1976 sí 2005, nǹkan bí ìdajì ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló sì sún sókè ní ìdajì ìpín nígbà tí tuntun jáde. Ó ṣeé ṣe kí àdúgbò yín wà ní 6b tẹ́lẹ̀, èyí tí ó fi ìdajì ìpín tutù ju 7a lọ. Ilẹ̀ gbogbo ti ń móoru sí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n mi ò gbà pé kí èèyàn tìtorí pé àwọ̀ àwòrán yí padà lọ fi owó ra igi tí òtútù 6b lè pa.

Àwòrán náà kò sì mọ ẹ̀yìnkùlé yín. Mo so òṣùwọ̀n ìtutù méjì kọ́, ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ ògiri bíríkì tí ó kọjú sí gúúsù, èkejì sí ìsàlẹ̀ ọgbà níbi tí ilẹ̀ ti rẹlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ fẹ́ǹsì. Ní alẹ́ kan tí afẹ́fẹ́ kò fẹ́, tí ojú ọ̀run sì mọ́ kedere, ìyàtọ̀ àárín wọn tó ìwọ̀n méje lórí Fahrenheit. Afẹ́fẹ́ tútù máa ń ṣàn lọ sí kòtò bí omi ni. Ẹ lo ọdún kan láti mọ ibi tí ìrì dídì ti ń pẹ́ yọ́ jù lọ ní òwúrọ̀, ẹ má sì gbin ohun tí ẹ fẹ́ràn síbẹ̀.

Ìyá Ìbejì, àríwá Maryland

Ẹ ṣeun gan-an. Àgbẹ̀ Ẹ̀yìnkùlé, ẹ ti mú olè. Baálé mi ló máa ń gé e, ní oṣù kẹwàá ọdọọdún, nígbà tí ó bá ń palẹ̀ ewé gbígbẹ mọ́. Á gé e kù bí ìgbọ̀nwọ́ kan, á ní kí ó lè lágbára.

Àgbẹ̀ Ẹ̀yìnkùlé, Delaware

Kódà bí kò bá sí òtútù rárá, hydrangea yẹn kò lè tanná pẹ̀lú irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀, nítorí pé òdòdó ọdún tí ń bọ̀ ni bàbá ń gé dànù. Ẹ bá mi kí wọn, kí ẹ sì gba àlùmọ́gàjí lọ́wọ́ wọn. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fọwọ́ kàn án láti oṣù kẹjọ títí di oṣù karùn-ún. Nígbà náà, ibi tí ó bá ti gbẹ láìsí ìrúdí tútù lára rẹ̀ nìkan ni kí ẹ gé.

Ní ìparí oṣù kọkànlá, ẹ fi wáyà adìyẹ ṣe agbọ̀n yí i ká, kí ẹ sì kó ewé gbígbẹ kún inú rẹ̀ títí yóò fi bo ṣóńṣó ẹ̀ka. Ewé igi óákù dára jù nítorí pé kì í tètè rọ̀ pọ̀ bí òjò bá pa á. Bí iṣẹ́ yìí bá pọ̀ jù, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Láti ọdún 2004 ni èyí tí wọ́n ń pè ní Endless Summer ti wà lọ́jà, ó máa ń rúdí lórí ẹ̀ka àtijọ́ àti lórí tuntun, ṣùgbọ́n níbi tí òtútù bá ti pa ẹ̀ka àtijọ́, òdòdó rẹ̀ máa ń pẹ́ dé, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ pọ̀. Bí ó bá jẹ́ èmi ni, Hydrangea paniculata tàbí hydrangea tí wọ́n ń pè ní Annabelle ni n ó rà, nítorí pé ẹ̀ka tuntun ni àwọn méjèèjì fi ń tanná, ìpín 4 pàápàá kì í dẹ́rù bà wọ́n. Òdòdó wọn kì í ṣe aláwọ̀ ojú ọ̀run, mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ìyá kò ní dárí èyí jì wọ́n.

Olùtọ́jú Ọgbà, Virginia

Mo ti ń tọ́jú ọgbà fún àwọn onílé láti bí ogún ọdún, nítorí náà ẹ fún mi láyè kí n sọ̀rọ̀ nípa camellia, nítorí òun ló ṣòro jù nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Camellia jẹ́ igi tí ewé rẹ̀ kì í wọ́. Ewé tí ó wà lórí igi ní oṣù kìíní ń tú omi sáfẹ́fẹ́, pàápàá nígbà tí oòrùn bá yọ tí ẹ̀fúùfù sì ń fẹ́, ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ti dì, gbòǹgbò kò lè fa omi láti fi rọ́pò rẹ̀. Òùngbẹ ló ń pa á láàárín yìnyín. Bí ewé bá ń gbẹ láti etí wá sí àárín, bí ẹ ṣe ṣàpèjúwe rẹ̀ yẹn, òùngbẹ ni mo kọ́kọ́ máa ń fura sí. Ohun kejì ni ògiri ìlà-oòrùn. Ìrúdí tí ó dì mọ́jú kò fẹ́ oòrùn òwúrọ̀ kùtùkùtù rárá, nítorí pé yíyọ́ òjijì ń ba inú rẹ̀ jẹ́. Ìhà àríwá tàbí ìwọ̀-oòrùn ilé, tàbí abẹ́ igi páìnì gíga níbi tí òjìji ti ń yọ́ bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ni ó dára fún un ní apá ọ̀dọ̀ yín. Ó máa ń ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu, nítorí pé ohun tí wọ́n lérò ni pé igi tí òtútù ń bà lẹ́rù yóò fẹ́ oòrùn.

Ẹ̀kẹta, oṣù kọkànlá kì í ṣe ìgbà tí a ń gbin camellia ní ààlà òtútù. Nígbà ìrúwé ni, kí gbòǹgbò lè rí oṣù mẹ́fà tàbí méje rìn nínú ilẹ̀.

Irú tí ẹ rà náà ṣe pàtàkì. Ní National Arboretum, ọgbà igi tí ìjọba ti ń ṣèwádìí ní Washington, tí kò jìnnà sí yín, ìgbà òtútù ọdún 1976 sí 1977 àti èyí tí ó tẹ̀lé e pa ọ̀pọ̀lọpọ̀ igi camellia tí wọ́n ti dàgbà. William Ackerman, tí ó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ṣàkíyèsí pé igi Camellia oleifera kan tí wọ́n ń pè ní Lu Shan Snow dúró bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Irú igi yìí náà ni àwọn ará Ṣáínà ti ń fún epo sísè láti inú hóró rẹ̀ láti ìgbà pípẹ́. Ackerman fi í gba irú pẹ̀lú àwọn camellia tí òdòdó wọn lẹ́wà jù, inú iṣẹ́ yẹn sì ni àwọn bíi Winter's Star, Winter's Charm àti Polar Ice ti jáde, tí wọ́n ń gbé ní ìpín 6 bí a bá gbìn wọ́n síbi tí ó yẹ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń tanná ní oṣù kẹwàá sí ìkejìlá, kí òtútù gidi tó dé, ọgbọ́n mìíràn sì nìyẹn jẹ́. Camellia japonica lásán, tí ń dúró de oṣù kẹta, ni ó máa ń pàdánù ìrúdí lọ́dọọdún.

Ìyá Ìbejì, ṣé ẹ fi nǹkan bò ó?

Ìyá Ìbejì, àríwá Maryland

Náílọ́ọ̀nù ni mo wé mọ́ ọn, mo sì so ó pinpin kí ẹ̀fúùfù má bàa ráyè wọlé.

Olùtọ́jú Ọgbà, Virginia

Ẹ tú u lónìí, ẹ jọ̀ọ́. Bí oòrùn bá wọ inú náílọ́ọ̀nù, inú rẹ̀ á gbóná bí ìgbà tí a ń se mọ́ínmọ́ín, igi á rò pé ooru ti dé. Bí ó bá di alẹ́, òtútù á tún padà bá a ní ipò yẹn, ibi tí ewé bá sì ti kan náílọ́ọ̀nù ni yóò kọ́kọ́ jóná. Àpò ìdọ̀họ ni kí ẹ lò. Ẹ ri igi mẹ́rin mọ́lẹ̀ yí camellia ká, kí ẹ so àpò náà mọ́ wọn bí ògiri, kí ó má kan ewé, kí orí rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀. Ẹ̀fúùfù ni ẹ ń dí lọ́nà, ẹ kò lè fi aṣọ mú igi móoru bí ọmọ.

Omi ni ó tún kù. Bí òjò kò bá rọ̀ dáadáa ní oṣù kọkànlá, ẹ fi ọ́ọ̀sì rin ilẹ̀ ibẹ̀ jinlẹ̀ kí ó tó dì. Ní ti oògùn tí wọ́n ń fọ́n sí ewé kí omi má bàa tètè jáde, mo ti lò ó rí, mi ò rí ìyàtọ̀ tí ó tó owó rẹ̀.

Aláàárọ̀ Philadelphia

Ẹ̀yin àgbà ti sọ tó, crape myrtle nìkan ni n ó fọwọ́ kàn. Ìyá mi, oṣù kẹta ni a wà. Igi yẹn máa ń pẹ́ jí ju gbogbo igi àdúgbò lọ. Ọdún kan wà tí tèmi kò yọ ewé títí oṣù karùn-ún fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, tí aládùúgbò mi sì ti bá mi dárò. Ẹ fi èékánná ha èèpo ẹ̀ka kan díẹ̀, kí ó má ju ìbú hóró ìrẹsì lọ. Bí abẹ́ rẹ̀ bá tutù, tí ó ní àwọ̀ ewé, ẹ̀mí wà níbẹ̀. Bí ó bá gbẹ, tí ó ní àwọ̀ ilẹ̀, ẹ sún mọ́ ìsàlẹ̀ kí ẹ tún ha á, títí ẹ ó fi dé ibi tí ó tutù tàbí títí ẹ ó fi kan ilẹ̀. Bí ẹ bá tilẹ̀ kan ilẹ̀, ẹ ṣì dúró de oṣù kẹfà.

Ìtùnú ibẹ̀ ni pé orí ẹ̀ka tuntun ló ti ń tanná. Bí òtútù bá pa á délẹ̀, yóò hù láti ìdí, yóò sì tanná ní oṣù kẹjọ, àmọ́ kò ní ga bí igi mọ́, á kàn ṣù pọ̀ ni. National Arboretum kan náà ni Donald Egolf ti ṣe àwọn tí wọ́n fi orúkọ àwọn ẹ̀yà ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà pè, bíi Natchez tí ó jáde ní 1978, olódòdó funfun tí èèpo rẹ̀ máa ń bó tí igi á sì máa dán. Èèpo yẹn nìkan tó èèyàn wò ní oṣù kejì.

Ọmọ Ìbàdàn ní Dallas

Ẹni tí ó sọ̀rọ̀ nípa ìwọ̀n àárín sọ òótọ́ tí ó dùn mí. Nílẹ̀ wa níbí, a kì í ka àwọn igi òdòdó bíi oleander àti Indian hawthorn sí ohun tí a ń bẹ̀rù fún. Ní ọjọ́ 16 oṣù kejì ọdún 2021, òtútù já sí ìwọ̀n 2 nísàlẹ̀ òdo Fahrenheit ní pápákọ̀ òfuurufú ńlá tiwa. Iná mànàmáná ti lọ, inú ẹ̀wù òtútù la sùn, kò sí ẹni tí ó rántí òdòdó. Nígbà tí ìrúwé dé, gbogbo Indian hawthorn òpópónà wa ti di àwọ̀ tábà, mi ò sì rí ọ̀kan tí ó jí. Oleander tèmi kú délẹ̀, ṣùgbọ́n ó hù láti gbòǹgbò ní oṣù karùn-ún, ó sì gbà á ní ọdún méjì kí ó tó ga jù mí lọ padà.

Ẹni tí ó bá fẹ́ gé òkú oleander, kí ó wọ ìbọ̀wọ́, kí ó má sì ṣe dáná sun ún, nítorí pé májèlé ni gbogbo ara rẹ̀, èéfín rẹ̀ pàápàá.

Ìyá Àgbà Chicago

Ẹ̀yin tí ẹ ń sunkún ìpín 7, ẹ wá wò wá ní ìpín 6. Hibiscus pupa irú èyí tí a fi ń ṣe ọgbà yí ilé ká ní Ìjẹ̀bú, mo gbìn ín sílẹ̀ níbí ní ọdún àkọ́kọ́ tí mo dé, ìrì dídì àkọ́kọ́ ní oṣù kẹwàá ló sì sọ ọ́ di bí ewédú sísè. Inú ìkòkò ló ń gbé báyìí. Bí òru bá ti ń sún mọ́ ìwọ̀n 50 Fahrenheit, n ó fọ abẹ́ ewé rẹ̀ pẹ̀lú omi ọṣẹ díẹ̀ nítorí àwọn kòkòrò funfun wínníwínní, n ó sì gbé e wọlé sí ojú fèrèsé.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn àwòrán òdòdó yẹn, tí ẹ kò sì fẹ́ máa gbé ìkòkò, Hibiscus syriacus ni kí ẹ gbìn. Mọ̀lẹ́bí ìsápá ni, ìlá pàápàá bá wọn tan, ẹ ó sì dá ojú wọn mọ̀ bí ó bá là. Kò bẹ̀rù ìpín 5, ẹ̀ka tuntun ló sì fi ń tanná.

Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe fi camellia sínú ìkòkò níta kí ó wá rò pé ìpín 7 ni. Ilẹ̀ ló ń dáàbò bo gbòǹgbò, inú ìkòkò sì ni òtútù ti ń gba ẹ̀gbẹ́ gbogbo wọlé. Ohun tí a ń ṣe níbí ni pé igi tí yóò gbé inú ìkòkò níta gbọ́dọ̀ lè fara da ìpín méjì tí ó tutù ju tiwa lọ.

Ọmọ Èkìtì ní New Jersey

Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan kún un nípa ìdí igi, nítorí pé mo rí i tí gbogbo àdúgbò ń ṣe é. Bí àgbẹ̀ ṣe ń fi koríko dé orí ebè iṣu kí oòrùn má bàa jó o, bẹ́ẹ̀ ni a ń fi èèpo igi lílọ̀ bo ìdí òdòdó níbí, kí ilẹ̀ má bàa máa dì kí ó sì máa yọ́ léraléra títí yóò fi ti gbòǹgbò síta. Ìnṣì mẹ́ta tó. Ẹ má kó o jọ mọ́ ara igi bí òkìtì ọ̀gán, nítorí pé èèpo ara rẹ̀ yóò jẹrà, eku yóò sì rí ibi sá sí tí yóò ti máa jẹ ẹ́. Ẹ má sì fi ajílẹ̀ sí i lẹ́yìn oṣù keje. Ẹ̀ka rírọ̀ tí ajílẹ̀ bá mú hù ní oṣù kẹsàn-án kò ní gbó kí òtútù tó dé.

Ìyá Ìbejì, àríwá Maryland (27 oṣù karùn-ún)

Ẹ̀yin ará, mo ní kí n wá jíṣẹ́. Mo tú náílọ́ọ̀nù lọ́jọ́ tí ẹ sọ. Camellia pàdánù èyí tí ó ju ìdajì ewé rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó ti ń yọ tuntun ní àárín, mo sì ti gbé e lọ sí ìhà àríwá ilé ní oṣù kẹrin. Hydrangea ní ìrúdí mẹ́rin, mo kà wọ́n. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n wà, níbi tí àlùmọ́gàjí kò dé.

Crape myrtle ni ó mú mi wá gan-an. Mo ha á láti òkè délẹ̀, gbígbẹ ni gbogbo rẹ̀. Àná ni mo fọwọ́ gbá èèpo igi ìdí rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo sì rí ọ̀mùnú mẹ́fà tí wọ́n pupa bí ẹ̀jẹ̀, tí èyí tí ó gùn jù nínú wọn kò ju ìka ìfábẹ̀lá mi lọ. Ṣé kí n gé òkú ẹ̀ka kúrò báyìí, àbí ó ṣì yẹ kí n dúró?

Aláàárọ̀ Philadelphia

Ẹ gé e báyìí, mà, kí ó kù bí ìnṣì méjì sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ fi ọwọ́ di àwọn ọ̀mùnú yẹn mú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ẹ tó gé, nítorí pé wọ́n máa ń tètè já. Ẹ yan mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ó lágbára jù ní oṣù kẹfà, kí ẹ sì yọ ìyókù. Ẹ má jẹ́ kí bàbá gbé ẹ̀rọ ìgékoríko dé ibẹ̀.